Ìlànà Ọmọdé Ló Yẹ Ọ̀dọ́langba: Àgbéyẹ̀wò Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Ẹ̀jẹ̀ láti Sabon Gari

Ní ọdún 2008, Dókítà Wendy Stock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde tó yẹ kí gbogbo òbí tó ní ọ̀dọ́langba nílé gbọ́ nípa rẹ̀. Wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ ìtọ́jú ọ̀dọ́ 321 wò. Ọmọ ọdún 16 sí 20 ni gbogbo wọn, oríṣi jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan náà ló sì mú wọn, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní acute lymphoblastic leukaemia, tí wọ́n ń gé kúrú sí ALL. Àwọn kan bọ́ sọ́wọ́ oníṣègùn ọmọdé, àwọn yòókù bọ́ sọ́wọ́ oníṣègùn àgbàlagbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ìyàtọ̀: lápá méjèèjì, nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn, 90 ni òògùn mú àìsàn wọn rọlẹ̀ débi pé a kò rí i mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ọdún méje pé, 63 nínú 100 lára àwọn tó wà lọ́wọ́ oníṣègùn ọmọdé ni àìsàn kò tíì padà sí lára. Lọ́wọ́ oníṣègùn àgbàlagbà, 34 péré ni. Àìsàn kan náà, ọjọ́ orí kan náà, orílẹ̀-èdè kan náà. Ìlànà ìtọ́jú ló yàtọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìwádìí yìí, àti àwọn mìíràn tó gbè é lẹ́yìn, kan ọ̀dọ́ tó ń gbé ní Sabon Gari ní Kano ju bó ṣe kan ọ̀dọ́ Chicago lọ. Láti nǹkan bí ọdún 1913 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ya àdúgbò náà sọ́tọ̀ lẹ́yìn odi Kano fún àwọn tó bá ọkọ̀ ojú irin wá láti Gúúsù, ibùdó ọ̀dọ́ ló jẹ́: ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, ọmọ ọjà, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dúró de èsì JAMB, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ àti ọmọ Ọ̀ffà tó jẹ́ pé bàbá bàbá wọn ló kọ́kọ́ dé síbẹ̀. Bí àrùn yìí bá kọ lu irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀, wọn á ní ó ti dàgbà jù fún wọ́ọ̀dù ọmọdé, bẹ́ẹ̀ kò sì tíì dàgbà tó ẹni tó lè dá bùkátà ìtọ́jú ara rẹ̀ gbé. Èrò mi ni pé kí a tọ́jú rẹ̀ ní ìlànà ọmọdé, kí a lo àwọn òògùn àtijọ́ tí ayé ti mọ̀ dunjú fún un ní pípé pérépéré àti ní àsìkò, kí owó ìjọba àti ti àwùjọ sì kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ kó tó lọ síbòmíràn.

Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Nínú ALL, oríṣi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan tó yẹ kó gbó kó sì máa bá àrùn jà kò gbó mọ́. Ó kàn ń bí sí i, títí yóò fi gba gbogbo àyè inú mùdùnmúdùn mọ́ ẹ̀jẹ̀ gidi lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń rẹ aláìsàn láìṣe iṣẹ́ kankan, tí ojú rẹ̀ ń funfun, tí ibà kì í fi í sílẹ̀, tí ìdí eyín àti imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, tí egungun ń ro ó. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, kì í ju ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan lọ tó fi ń pa ènìyàn. Ọdún 1948 ni Sidney Farber ní Boston kéde pé òun ti fi òògùn kan tó ń jẹ́ aminopterin mú kó rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lára àwọn ọmọdé. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, Donald Pinkel àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn St. Jude ní Memphis pa oríṣiríṣi òògùn pọ̀, wọ́n tọ́jú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn mọ́ ọn, wọ́n sì ń bá òògùn lọ fún ọdún méjì sí mẹ́ta. Nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ náà bọ́ lọ́wọ́ ikú. Lónìí, ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, ọmọdé tó ń bọ́ ti tó 90 nínú 100. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìlọsíwájú yìí kò wá láti ara òògùn tuntun. Vincristine, prednisolone, methotrexate, mercaptopurine àti asparaginase ti wà lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn kí ọdún 1980 tó dé. Ètò ni wọ́n ń tún ṣe: èwo ló ṣáájú, èwo ló tẹ̀lé e, ọjọ́ mélòó ló gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn, ta ló nílò púpọ̀, ta ni díẹ̀ tó fún.

Kí wá ni oníṣègùn ọmọdé ń ṣe tí ti àgbàlagbà kì í ṣe? Ìlànà àwọn àgbàlagbà gbára lé àwọn òògùn tó ń tẹ mùdùnmúdùn mọ́lẹ̀ gan-an, irú bíi daunorubicin, cytarabine àti cyclophosphamide tó pọ̀, ojú sì máa ń wà lára pípààrọ̀ mùdùnmúdùn nígbà tó bá yá. Ìlànà ọmọdé ní tirẹ̀ ń lo vincristine, sítẹ́rọ́ìdì (irú bíi prednisolone) àti asparaginase ní ìlọ́po. Ó tún ń fi abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn gbé òògùn sínú omi tó yí ọpọlọ ká láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí ibẹ̀ ni àrùn yìí ti máa ń sá pamọ́. Nínú àkọsílẹ̀ ti Stock, 11 nínú 100 lára àwọn tó gba ìtọ́jú àgbàlagbà ni àìsàn gba inú ọpọlọ padà sí lára. Lápá ti ọmọdé, wọn kò tó 2. Ó kù ohun kan tí kì í hàn nínú orúkọ òògùn: oníṣègùn ọmọdé kì í fẹ́ sún ọjọ́ ìtọ́jú síwájú. Ní ilẹ̀ Faransé, Nicolas Boissel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí irú ìyàtọ̀ kan náà ní 2003 láàárín àwọn ọmọ ọdún 15 sí 20: 67 nínú 100 sí 41, lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Àwọn ará Netherlands náà rí i ní 2004. Nígbà tí àwọn oníṣègùn àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà wá fúnra wọn gbé ìlànà ọmọdé wọ̀, tí wọ́n fi tọ́jú àwọn aláìsàn 295 láti ọmọ ọdún 17 sí 39, 73 nínú 100 ló wà láàyè lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Nordic, tí wọ́n fi ìlànà kan ṣoṣo tọ́jú láti ọmọ ọdún kan títí dé ẹni ọdún 45, 74 nínú 100 lára àwọn àgbà tó wà láàárín wọn ni àìsàn kò padà sí lára láàárín ọdún márùn-ún. Ẹ̀rí tó ti orílẹ̀-èdè púpọ̀ wá, tí gbogbo rẹ̀ sì kọjú síbì kan náà, kì í ṣe èèṣì.

Àwọn kan á sọ pé ara àìsàn náà fúnra rẹ̀ ló yàtọ̀, pé ALL ọ̀dọ́langba le ju ti ọmọ ọdún mẹ́rin lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àwọn oríṣi tí òògùn tètè ń ṣẹ́gun wọ́pọ̀ lára ọmọ kékeré. Bí ọjọ́ orí bá ṣe ń gòkè ni àwọn oríṣi tó le ń pọ̀ sí i, títí kan èyí tó ní krómósómù Philadelphia, tó ń fẹ́ òògùn mìíràn pẹ̀lú. Àmọ́ ọ̀dọ́langba ni a fi wé ọ̀dọ́langba ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú àwọn ìwádìí tó fi ìlànà méjèèjì wéra. Líle àìsàn lè ṣàlàyé ìdí tí ọ̀dọ́langba kò fi tíì bá ọmọ ọdún mẹ́rin dọ́gba. Kò lè ṣàlàyé ìdí tí ọ̀dọ́langba kan fi yè tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò yè.

Àtakò tó wúwo jù, tó sì yẹ ká dá lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ni ti àwọn oníṣègùn tó ń ṣiṣẹ́ nílé wa. Wọ́n ní ìlànà yìí gbóná jù fún ibi tí ẹ̀jẹ̀ àti platelet, èyí tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ti ṣọ̀wọ́n, tí yàrá ìtọ́jú àwọn tó wà lẹ́sẹ̀ kan ayé ẹ̀sẹ̀ kan ọ̀run kò tó, tí àkóràn lè pa aláìsàn kí jẹjẹrẹ tó pa á. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe ẹ̀rù ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nínú ìlànà méjèèjì. Èyí tí a ń pè ní ti àgbàlagbà ló ń tẹ mùdùnmúdùn mọ́lẹ̀ jù, òun ló ń béèrè ẹ̀jẹ̀ àti òògùn apakòkòrò jù. Vincristine àti sítẹ́rọ́ìdì kì í sọ ẹ̀jẹ̀ di òfìfo bíi cytarabine. Asparaginase ní ewu tirẹ̀: ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan, ó lè ṣe ẹ̀dọ̀ ní jàǹbá, ó sì máa ń yọ àwọn tó ti dàgbà àti àwọn tó sanra lẹ́nu jù. Sítẹ́rọ́ìdì náà lè pa egungun ìbàdí ọ̀dọ́langba débi tí kò ní lè rìn dáadáa mọ́. Àwọn ewu wọ̀nyí gba kí a máa ṣọ́ aláìsàn. Wọn kò gba kí a sá padà sí ìlànà tó ń gba ẹ̀mí díẹ̀ là. Ní 2009, Stephen Hunger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dábàá ìlànà tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó: kí ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó rọrùn jù, kó má ṣe gun orí èyí tó gbóná àfi tó bá ti rí i pé àkóràn kò pa àwọn aláìsàn òun mọ́ ní oṣù àkọ́kọ́. Ọ̀nà tó bọ́gbọ́n mu fún Kano nìyẹn.

Títún ìlànà náà ṣe fún ara tiwa wà nínú iṣẹ́ yìí pẹ̀lú, ìyẹn ló sì jẹ mí lógún ju gbogbo àríyànjiyàn nípa gbígbóná lọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwa tí a wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Yorùbá àti Haúsá lápapọ̀, kò ní àmì ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Duffy. Nítorí èyí, iye sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tí wọ́n ń pè ní neutrophil máa ń kéré lára wa láìsí àìsàn kankan. Ìwọ̀n tí àwọn aláwọ̀ funfun fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí òògùn dúró ni ó wà nínú ìwé ìlànà. Bí oníṣègùn bá tẹ̀ lé e bó ṣe wà, yóò máa dá mercaptopurine dúró lára ẹni tí nǹkan kan kò ṣe, yóò sì máa fi àyè sílẹ̀ fún jẹjẹrẹ láti padà. Nàìjíríà kan náà ni àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis B ti wà lára nǹkan bí 8 nínú 100 àgbàlagbà; òògùn jẹjẹrẹ lè jí i dìde, ó lè fi pa ènìyàn, bẹ́ẹ̀ àyẹ̀wò rẹ̀ kò wọ́n. Aràn strongyloides, tó wà nínú ilẹ̀ wa, lè bẹ́ sílẹ̀ káàkiri ara ẹni tó ń lo sítẹ́rọ́ìdì tó pọ̀. Ivermectin díẹ̀ ló ń dènà rẹ̀. Rasburicase, tí àwọn olówó ń lò láti gba kíndìnrín là nígbà tí jẹjẹrẹ bá ń kú lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí èròjà ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní G6PD kò tó lára rẹ̀, irú àwọn bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ láàárín àwọn ọkùnrin wa. Ọmọ ilẹ̀ yìí ló yẹ kó kọ àwọn nǹkan wọ̀nyí mọ́ ìlànà.

Síbẹ̀, ìlànà tó dára kò lè wo ẹni tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní Sabon Gari, kẹ́mísìtì ni ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ fún ọ̀dọ́ tó bá ní ibà. Wọn á fún un ní òògùn ibà, bí kò bá lọ wọn á ní tàífọ́ìdì ni, wọn á tún ṣe àyẹ̀wò Widal tí kì í pẹ́ rí nǹkan tí yóò pè ní tàífọ́ìdì. Bí egungun bá ń ro ó, wọn á ní arọmọléegun ló ń ṣe é. Èyí tó burú jù ni dexamethasone, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí dexa, tí wọ́n ń pò mọ́ òògùn ara ríro, tí àwọn mìíràn sì ń lò kí wọ́n lè sanra. Sítẹ́rọ́ìdì ni dexa, ó sì wà lára òògùn ALL gan-an. Ẹni tó bá lo ó fún ọjọ́ mélòó kan lè rí i pé kókó ọrùn òun rọlẹ̀, ibà òun lọ, egungun òun kò ro mọ́. Àìsàn kò lọ. Ó fara pamọ́ fún àyẹ̀wò, nígbà tó bá sì padà dé, òògùn lè má fi bẹ́ẹ̀ ràn án mọ́. Ohun tó lè dá ìrìn-kiri yìí dúró kò ju àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní FBC, tí kò sí lábúrẹ́tọ̀ gidi kan ní Kano tí kò lè ṣe é. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kéré, tí platelet bá kéré, tí ẹ̀jẹ̀ funfun bá pọ̀ jù tàbí kéré jù, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn Aminu Kano tó wà lọ́nà Zaria ló yẹ kó kàn.

Ọ̀rọ̀ òògùn fúnra rẹ̀ tún wá. Ó pẹ́ tí ọjà Sabon Gari ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ojúkò títa òògùn ní gbogbo Àríwá, níbi tí káàtọ̀nù òògùn ti ń jókòó sínú oòrùn. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Kano pàṣẹ kí àwọn olóògùn kó lọ sí ilé ìtajà tí wọ́n kọ́ fún wọn ní Dangwauro, lójú ọ̀nà Zaria. Ìpinnu tó tọ́ ni, bó tilẹ̀ ni àwọn tó ti ń tajà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lára. Vincristine àti asparaginase gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8, láti ilé iṣẹ́ títí dé apá aláìsàn, ìlú tí ooru oṣù kẹrin rẹ̀ sì lè kọjá 40 ni à ń sọ yìí, níbi tí iná mànàmáná kì í ti í dúró. Òògùn tí ooru ti bà jẹ́ kò ní yàtọ̀ lójú. Aláìsàn á gbà á, á san owó rẹ̀, á fara da ìyà rẹ̀, jẹjẹrẹ kò sì ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan kan. Ooru nìkan kọ́ ni ìṣòro: ní Brazil, ní 2017, àwọn oníṣègùn ọmọdé figbe ta nítorí asparaginase olówó pọ́ọ́kú tí ìjọba rà wọlé, nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé ó kún fún ìdọ̀tí. Mo gbà nítorí náà pé kò yẹ kí wọ́n máa kọ orúkọ òògùn jẹjẹrẹ sórí ìwé fún ìyá ọmọ pé kó lọ rà á wá. Ilé ìwòsàn ló yẹ kó máa rà á, kó máa tọ́jú rẹ̀, kó sì máa dáhùn fún un.

Níbi tí owó bá ti wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ náà á di ti ìjọba. Àwọn èlò àtijọ́ wọ̀nyí kò wọ́n bíi ti ìgbàlódé, àmọ́ ọdún méjì sí mẹ́ta ni aláìsàn yóò fi gbà wọ́n, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà wọ́n wọlé. Láti oṣù kẹfà 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀, kò sí ìdílé oníṣòwò kékeré kan tí kò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Òfin adójútòfò ètò ìlera tuntun ti wà láti 2022. Owó pàtàkì tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ fún àwọn aláìní tó ní jẹjẹrẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti ọmú, ti ẹnu ilé ọmọ àti ti próstéètì. Àrùn àgbàlagbà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo Ghana tó wà nítòsí wa: láti 2022 ni adójútòfò ìjọba wọn ti ń san owó ìtọ́jú oríṣi jẹjẹrẹ ọmọdé mẹ́rin, ALL sì wà nínú wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà fi ALL ṣe ọ̀kan nínú jẹjẹrẹ mẹ́fà tó fi ń wọn ètò tó dá sílẹ̀ ní 2018, tó fẹ́ kí ọmọ 60 nínú 100 máa yè ní gbogbo ayé títí di 2030, ó sì ka ọmọ títí dé ọdún 19 mọ́ ọn. Bí Àjọ náà bá ka ọmọ ọdún 19 mọ́ ọmọdé, kí ló dé tí wọ́ọ̀dù wa kò fi lè kà á?

Wọ́n tún máa ń sọ pé àwọn ènìyàn wa kì í parí ìtọ́jú, pé wọ́n á sá lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ tàbí sórí òkè àdúrà. Àwọn mìíràn ń sá, òótọ́ ni. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé owó tán, tàbí pé ara aláìsàn yá lẹ́yìn oṣù kan, tí ìdílé sì gbà pé ó ti parí. Kò sí ẹni tó jókòó ṣàlàyé fún wọn pé ní oṣù kìíní yẹn jẹjẹrẹ ṣì wà níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, pé a kàn kò rí i ni. Ìtọ́jú ALL dà bí iná ìgbẹ́ tó kù sábẹ́ ewé: ẹni tó bá lọ sílé nígbà tí kò rí ọwọ́ iná mọ́ yóò padà wá bá oko tó ti jó. Ní Amẹ́ríkà, Smita Bhatia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ kékeré sára ìgò mercaptopurine kí wọ́n lè mọ ọjọ́ tí aláìsàn ṣí i. Wọ́n rí i pé àwọn tó ń fo ọjọ́ òògùn wà nínú ewu ìpadàbọ̀ àìsàn tó ju ìlọ́po méjì ti àwọn tó ń lò ó déédéé, àti pé àwọn ọ̀dọ́langba ni wọ́n ń fò ó jù. Amẹ́ríkà nìyẹn o, níbi tí òògùn ti ń dé ẹnu ọ̀nà. Nítorí náà, àìparí ìtọ́jú kì í ṣe ìwà àwọn ará Kano nìkan. Ọ̀dọ́langba ni, kárí ayé, ètò tó dára sì máa ń mọ̀ ọ́n mọ̀ gbìyànjú fún un.

Fún Yorùbá Sabon Gari, ohun kan wà tó tún mú èyí le. Bí àìsàn bá wọlé, ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ ni pé kí wọ́n gbé ọmọ lọ sílé, sí Ìbàdàn, Ìlọrin tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀nà ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún kìlómítà. N kò dá wọn lẹ́bi. Ẹbí wà níbẹ̀, ìyá àgbà wà níbẹ̀, ẹni tó lè fún un lẹ́jẹ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n bá fi wà lójú ọ̀nà àti lẹ́nu wíwá bẹ́ẹ̀dì, láìsí ìwé tó sọ òògùn tó ti gbà àti èyí tó kàn, tó láti ba iṣẹ́ oṣù mẹ́ta jẹ́. Bí wọ́n bá máa lọ, kí wọ́n lọ kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, tàbí kí wọ́n dúró títí wọn á fi dé apá ìparí tó jẹ́ pé oníhóró ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kí ìwé ìtọ́jú kíkún sì wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tó ń pàdé ní Sabon Gari, tí wọ́n ń dáwó òkú àti ti ìsọmọlórúkọ, lè dá owó yàrá sílẹ̀ nítòsí ilé ìwòsàn, wọ́n lè kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jọ láti máa fún aláìsàn lẹ́jẹ̀. Ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ náà ní ipa: kó má ṣe lé e, kó jẹ́ kó máa lọ gba abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́langba fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gbọ́ orúkọ àìsàn tó ń ṣe é. Àṣà pípa á mọ́ fún un, kí ọkàn rẹ̀ má baà bàjẹ́, ló ń jẹ́ kó rò pé ẹ̀jẹ̀ ló kéré lára òun, tó sì fi ń dá òògùn dúró. Ó yẹ kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀ ọmọ bíbí lọ́jọ́ iwájú, àti WAEC tó fẹ́ ṣe, kí òògùn tó bẹ̀rẹ̀.

Lónìí, blinatumomab, tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ara kọjú ìjà sí jẹjẹrẹ, ń gba ẹ̀mí púpọ̀ sí i là, CAR-T, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì aláìsàn tí wọ́n tún ṣe kó lè bá jẹjẹrẹ jà, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2017 fún ẹni tí kò ju ọdún 25 lọ, sì ń gba àwọn tí òògùn mìíràn ti ṣe tì là. Ẹnikẹ́ni lè béèrè ìdí tí n kò fi ní kí Nàìjíríà gbà wọ́n wá. Èkínní bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 178,000 dọ́là, èkejì ní 475,000. Èkínní ń fẹ́ kí òògùn máa sun láìdáwọ́ dúró fún ọjọ́ 28 láti inú ẹ̀rọ tó ń fẹ́ iná. Pípààrọ̀ mùdùnmúdùn náà ní ìṣòro tirẹ̀: nínú àkójọ àwọn ará Amẹ́ríkà, nǹkan bí 29 nínú 100 aláwọ̀ dúdú ló ń rí ẹni tí mùdùnmúdùn rẹ̀ bá tirẹ̀ mu pátápátá, nígbà tí ti àwọn aláwọ̀ funfun jẹ́ 79. Seun Adebiyi mọ èyí dájú. Agbẹjọ́rò ọmọ Nàìjíríà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Yale ni nígbà tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ mú un ní 2009. Ìyẹn ló jẹ́ kó dá àkójọ àwọn tó lè fi mùdùnmúdùn tọrẹ sílẹ̀ ní Enugu ní 2012. Iṣẹ́ ribiribi ni, ó sì yẹ kí a tẹ̀ síwájú nínú rẹ̀. Àmọ́ gbogbo ohun ìgbàlódé yìí wà fún àwọn tí òògùn àtijọ́ kò ràn tó. Nílé wa, àwọn tí kò tíì rí òògùn àtijọ́ gbà ní pípé ló pọ̀ jù.

Sí àwọn tó bá ní kò lè ṣeé ṣe nílẹ̀ yìí, èsì mi ni Ìbàdàn àti Ifẹ̀. Ní Ìbàdàn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Victor Anomah Ngu, ọmọ Cameroon, ti fi òògùn wo àwọn ọmọ tó ní jẹjẹrẹ Burkitt ní àwọn ọdún 1960. Ó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Lasker ní 1972 nítorí iṣẹ́ yẹn. Ní Ifẹ̀, láti 2003, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muheez Durosinmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi imatinib tọ́jú oríṣi jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan tó ń falẹ̀. Òògùn náà jẹ́ ọ̀fẹ́, nípa ètò tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é gbé kalẹ̀, àwọn aláìsàn sì ń ti káàkiri Nàìjíríà rin ìrìn àjò lọ síbẹ̀. Nígbà tí òògùn wà, tí kò já, tí ibì kan ṣoṣo sì ń mójú tó gbogbo wọn, àwọn aláìsàn ń padà wá, wọ́n sì ń pẹ́ láyé. Ara Nàìjíríà kan náà ni wọ́n, àwọn tí a sọ pé wọn kì í parí ìtọ́jú.

Òótọ́ ni pé ibà ń pa ọmọ púpọ̀ ju ALL lọ ní Kano, ó sì yẹ kí owó rẹ̀ pọ̀ jù. Iye ọ̀dọ́langba tí ALL ń mú kì í pọ̀. Ìdí tí bùkátà wọn kò fi lè wó àpò ìjọba nìyẹn. Fíríìjì tí kò kú, ilé ìfipamọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ní platelet, lábúrẹ́tọ̀ tó lè ka FBC lọ́jọ́ kan náà: aboyún tó ń ṣẹ̀jẹ̀ nílò wọn, ọmọ arọmọléegun nílò wọn, ẹni tí mọ́tò gbá lójú ọ̀nà Zaria nílò wọn.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn kò pọ̀: kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tí kò bá ju ọdún 25 lọ tó ní ALL, ìlànà ọmọdé ni yóò gbà, wọ́ọ̀dù yòówù tó bá sùn sí, kí oníṣègùn ọmọdé àti oníṣègùn ẹ̀jẹ̀ sì jọ máa fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti àpapọ̀ fi ALL sínú adójútòfò, kí ilé ìwòsàn máa ra òògùn náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin òbí àti ọ̀gá ní Sabon Gari, bí ọ̀dọ́ yín bá ní ibà tí ẹ ti tọ́jú lẹ́ẹ̀mejì tí kò lọ, tí ojú rẹ̀ ń funfun, tàbí tí eyín rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kó gbé dexa mì. Ẹ mú un lọ ṣe FBC lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.